Àárò Ìwé àti Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Kan

Ẹ kọ́kọ́ pa fóònù yín ná, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò bá yín jà. Bí ọ̀rọ̀ bá ń wọ etí kan, tí fóònù ń dún létí kejì, a jẹ́ pé ẹ kàn wá bá mi jókòó lásán ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ rí ẹyọ ìgbálẹ̀ nínú ìwé orin mi, ẹ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú yín ní bóyá mo fẹ́ gbá àwọn orin náà kí n tó kọ wọ́n. Ó dáa. Màá sọ ohun tó gbé ìgbálẹ̀ débẹ̀, torí gbogbo yín lẹ lọ́mọ nílé ìwé, ohun tó sì ń bí mi nínú láti bí oṣù mélòó kan, ọwọ́ yín ló wà.

Nígbà tí mo dé Ajégúnlẹ̀ yìí, fèrè ni aago wa. Fèrè tí wọ́n ń fọn ní wọ́ọ̀fù Àpápá nírọ̀lẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá fẹ́ jáde. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, wà lára àwọn tó ń ru ẹrù níbẹ̀. Bí fèrè yẹn bá ti dún, ẹni tó ń lọ ata á dúró, ẹni tó ń fọṣọ á na ẹ̀yìn rẹ̀, a ó mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ti ń bọ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn gba Creek Road wálé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ru ìyẹ̀fun, wọ́n á funfun láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ọmọ á máa sá fún bàbá wọn bí ẹni rí eégún. Lónìí, fèrè tírélà ni à ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sọ pé ilẹ̀ ti mọ́, kò sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ó kàn ń pariwo ni. Ariwo pọ̀ láyé yìí ju ọ̀rọ̀ lọ.

Àgbàlá tí ẹ jókòó sí yìí náà ni. Yàrá mẹ́wàá tó kọjú síra, ẹ̀rọ omi kan, ilé ìdáná kan tí òrùlé rẹ̀ ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àwọn tó wà níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ọ̀rọ̀ mi kàn. Ìyá Súlè wá láti Ìsẹ́yìn, Mùsùlùmí ni, aṣọ àlòkù ló ń tà. Màmá Ebiere jẹ́ ọmọ Ìjọ́, ẹja yíyan ló ń tà, Yorùbá rẹ̀ kò ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í bá wa sọ pẹ̀lú pijin rẹ̀. Èmi ń ta gaàrí. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni ọ̀mọ̀wé, ẹ má rẹ́rìn-ín: mo ka ìwé dé kíláàsì kejì kí bàbá mi tó ní ó tó bẹ́ẹ̀, kí n wá máa gbé àbúrò mi pọ̀n.

Àwọn ọmọ wa ń lọ sílé ìwé ìjọba. Bí wọ́n bá jáde lọ́sàn-án, kò sí ìyá kankan nílé, gbogbo wa wà lẹ́nu ọjà. Odò ẹ̀gbin tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n máa ń lọ, wọ́n á fi páànù ṣe ọkọ̀ ojú omi. Lọ́jọ́ kan, Súlè bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n fà á yọ, bàtà rẹ̀ kan kò bá a jáde. Ìyá rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì ń rùn. Níbi tó ti ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ló ti wí fún mi pé, "Ìyá Dàpọ̀, tó bá jẹ́ pé oko la wà, àárò la ó fi ṣe èyí."

Ẹ ò mọ àárò mọ́, àbí? Láyé àwọn bàbá wa, ẹnì kan kì í dá oko ro. Lónìí, gbogbo wa á ro tìẹ, lọ́la a ó ro tèmi, títí á fi kàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n ti bá ro tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sá nígbà tó bá kan ti ẹnìkejì. Èkó kò ní oko, ọmọ ni oko wa. La bá sọ ọ́ di àárò ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan, ìyá kan. Ẹni tó bá kàn á fi ọjà sílẹ̀ lọ́sàn-án, á padà wálé kí àwọn ọmọ tó jáde nílé ìwé, á bá gbogbo ọmọ àgbàlá jókòó títí fèrè wọ́ọ̀fù á fi dún. Àwa yòókù á pín ọjà rẹ̀ sórí igbá wa, a ó bá a tà á. Ẹ bá mi wo gaàrí lórí igbá ẹlẹ́ja! Àwọn oníbàárà mi ní gaàrí mi ń rùn bí odò. Mo ní kí wọ́n rà á bẹ́ẹ̀, pé mo ti bá wọn fi ẹja sí i.

Ọkọ mi ló kan bẹ́ńṣì tí wọ́n ń jókòó lé. Pákó àpótí ẹrù ló fi ṣe é, èyí tó gbé wá láti wọ́ọ̀fù, àwọn lẹ́tà dúdú gàdàgbà ṣì wà lára rẹ̀. Orí ìjókòó yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ mọ ABD. Ìyá tó bá kàn á máa ṣa ẹ̀wà tàbí kó máa yọ òkúta inú ìrẹsì, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dìde, á ka tirẹ̀ sókè. Etí la fi ń ṣọ́ wọn. Bí ohùn bá ń lọ geerege, a ó mi orí. Bí ó bá ń kọsẹ̀, a ó lu bẹ́ńṣì, ọmọ á tún un kà. Ìṣirò náà bẹ́ẹ̀. A kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n a mọ orin rẹ̀, bí ọmọ bá fo ibì kan, etí wa á gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. Bí Iléyá bá dé, Ìyá Súlè kì í fún ọmọ kankan lẹ́ran àfi tó bá kàwé. Bí Ìkórè bá dé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ọmọ Mùsùlùmí àgbàlá á tẹ̀ lé wa láti wá gbọ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣe ń ka Bíbélì níwájú ìjọ.

Nínú gbogbo wọn, Dàpọ̀ ọmọ mi ló pegedé. Ẹnu rẹ̀ dà bí omi ẹ̀rọ. Á dìde, á ṣí ìwé, á kà á láìmí. Àwọn ìyá á ní, "Ìyá Dàpọ̀, o bí ọmọ!" Mo ń yan bí ẹni ra mọ́tò. Lọ́dún yẹn mo rán aṣọ tuntun fún un fún Ìkórè, torí àlùfáà ti ní òun ni yóò kàwé.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìkórè náà kan Màmá Ebiere. Mo ti dé láti ọjà, mo ń bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Dàpọ̀ wà lórí ìdúró, ó ń kàwé lọ ràì. Afẹ́fẹ́ kan wá láti apá òkun, ó fẹ́ ìwé yẹn, ó ṣí ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn. Dàpọ̀ kò dúró, kò ṣí i padà. Ó ń kà á lọ. Màmá Ebiere gbé àtẹ ẹ̀wà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó. Ó wá ní:

"Dapo, na you dey read, abi na breeze?"

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní ṣé Dàpọ̀ ló ń kàwé ni àbí afẹ́fẹ́. Ọmọ mi ṣíwọ́ kíkà. Obìnrin yìí, tí kò mọ A yàtọ̀ sí àáké, fa ẹyọ kan yọ nínú ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ojú, ó ṣí ìwé síbi tó ṣí sí, ó gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ lé e. "Oya. Read here." Dàpọ̀ wo ibẹ̀ títí, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ìwé. Kò mọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Lójú ọ̀nà ilé ìwé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti máa ń kà á fún un, òun á sì gbé e sórí, bí ẹyẹ odídẹrẹ́. Gbogbo oṣù tí mo fi ń yan, etí mi ni ó ń tàn jẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé etí kì í kàwé.

N kò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ìtìjú ti mú mi ju ìbínú lọ. Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé gèlè wa, a gba ilé ìwé lọ. Tísà rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń wá ibi tí yóò gbà sá, ó rò pé a wá jà ni. Ìyá Súlè ní, "Tísà, ẹ fọkàn balẹ̀. A kò mú pònpó dání. A wá bi yín pé kí ni àwa tí a kò mọ̀wé lè ṣe nílé." Ọkùnrin yẹn yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ohun méjì péré ni. Ẹ máa jẹ́ kí ọmọ kà á sókè lójoojúmọ́, ibi tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kó kà. Tó bá dé ibi tí kò mọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un. Ẹ dúró dè é.

Ẹ dúró dè é. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tí mo kọ́ láyé nìyẹn, ilé ìwé ọmọ mi ni mo sì ti kọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹyọ ìgbálẹ̀ ti di tísà àgbàlá wa. Kò mọ ọmọ aláṣọ, kò mọ ọmọ ẹlẹ́ja. Bí ó bá ti balẹ̀ lórí ìwé, tí ọmọ dákẹ́, gbogbo wa á dákẹ́. Ẹ̀wà á máa dún nínú àtẹ, ẹnikẹ́ni kò ní fọhùn. Dàpọ̀ kò kàwé ní Ìkórè ọdún yẹn, mo lọ fi ẹnu ara mi sọ fún àlùfáà. Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e tó dé, ó ń kà. Kò yá, ó ń fà bí ìgbín, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á.

Ọmọ yẹn náà ló wà ní ọ́fíìsì kan ní Creek Road lónìí, tó ń bá àwọn oníkọ̀ntéńà gba ẹrù jáde ní ibùdókọ̀ òkun. Ó níyàwó, Fúnmi, ọmọ dáadáa, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lápá Ìkẹjà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé nítòsí Liverpool Road. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èmi ló ń pè ní Màmá Ajégúnlẹ̀. Ilé ìwé rẹ̀, táì ni wọ́n ń dè lọ síbẹ̀. Nígbà tó jáde ní jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n wọ aṣọ oyè fún un, fìlà onígun mẹ́rin, wọ́n ya fọ́tò. Mo bi wọ́n pé oyè kí ni. Wọ́n ní ó ti mọ ìkà àti ìkọ. Mo ní kí Ọlọ́run bá wa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Lọ́dún tí a wà yìí ni Morẹ́nikẹ́ máa ṣe ìdánwò láti wọ ilé ìwé gírámà. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n á ti ṣe é, láàárín àwọn ọmọ tí kò mọ̀ rí, òun àti bébà nìkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbé e wá bá mi. Ní Sátidé kan báyìí, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo ní kó ka ìwé rẹ̀ fún mi. Ó ṣí i. Ẹnu rẹ̀ dà bí omi ẹ̀rọ. Mo ń mi orí, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń wí nínú ara mi pé owó tí wọ́n ń ná kò ṣòfò. Àfi bí mo ṣe dá ẹ̀wà ṣíṣà dúró lójijì. Mo ti gbọ́ irú omi ẹ̀rọ yẹn rí.

Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Mo di ojú. Mo gbé e lé ìwé. "Ọkọ mi, bá mi ka ibí."

Ó wò ó. Ó wo ojú mi. Ó tún wò ó. Ó mọ lẹ́tà, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò so pọ̀ di ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Màmá Ajégúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì."

"Báwo lo ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí tísà ń ní kẹ́ ẹ ṣe wá láti ilé? Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máàkì pé o gbà."

"Mọ́mì máa ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ́ńkù Lẹ́sìn, tísà tí wọ́n ń sanwó fún láti kọ́ mi nílé. Ọ́ńkù á kọ ọ́ ránṣẹ́ padà. Èmi á wá yà á."

"O máa ń kọ ọ́?"

"Rárá, mà. Mo máa ń yà á ni. Bí àwòrán."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń ya ìwé bí ẹni ń ya adìyẹ. Tísà ilé ìwé rò pé ilé ń ṣe é, ilé rò pé Ọ́ńkù Lẹ́sìn ń ṣe é, Ọ́ńkù Lẹ́sìn ń ṣe é lóòótọ́, òun ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Káàdì ìparí táàmù ń wálé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ dáadáa ni. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́.

Nígbà tí Dàpọ̀ àti Fúnmi wá mú un lọ́jọ́ Àìkú, mo rán ọmọ náà sí ọ̀dọ̀ àwọn ará iwájú, kó má bàa gbọ́. Mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe rí i. Dàpọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ilé ìwé yẹn kì í ṣe ilé ìwé yẹpẹrẹ. Àwọn tísà wọn mọṣẹ́."

"N kò bá tísà jà. Ọmọ ò mọ̀wé kà ni mo wí."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin tí ẹ ò kàwé, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọmọ ò mọ̀ ọ́n kà?"

Fúnmi fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ó ti pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ ti jáde.  Mo mú ẹyọ ìgbálẹ̀ náà, mo gbé e lé e lórí orúnkún, lórí ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó wo ìgbálẹ̀. Ó wo bẹ́ńṣì. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Afẹ́fẹ́," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Mo rò pé ó ti yé e nìyẹn. Kò yé e! Kí n tó mí kanlẹ̀, ó ti ń wí pé òun á lé Ọ́ńkù Lẹ́sìn, òun á wá ẹlòmíì tó mọṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bóyá kí wọ́n pààrọ̀ ilé ìwé pàápàá. Inú bí mi tó fi jẹ́ pé mo da ẹ̀wà nù.

"O tún fẹ́ rán ẹlòmíì sí ọmọ rẹ! Ta ni a rán sí ìwọ? Ìyá Súlè fi ọjà sílẹ̀, Màmá Ebiere fi ẹja sílẹ̀, àwọn tí wọn ò bí ọ!"

Fúnmi ló dá mi lóhùn. "Màámi, aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jáde. Kí n tó kọjá Ìjọra, tírélà ti to ara wọn bí ilé. Tí mo bá fi máa padà dé, ọmọ ti fẹ́ sùn. Ẹ sọ àkókò tí mo fẹ́ fi jókòó tì í fún mi, mà, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni obìnrin yẹn ń sọ. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwa náà, ta ló fún wa lákòókò? A yá a lọ́wọ́ ara wa ni. Ni mo bá ní ó dáa, àárò la ó ṣe. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ mi ni bọ́ọ̀sì ilé ìwé yóò máa já a sí, èmi ni kó kàn. Ní Sátidé, Fúnmi lọ́sẹ̀ kan, Dàpọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Lórí bẹ́ńṣì yìí ni. Kò sí Ọ́ńkù, kò sí fọ́tò.

Fúnmi wá ní Sátidé tirẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ lé ìwé, ó sì sùn lọ fọnfọn kí ọmọ tó ka ìlà kejì. Ọmọ rọra ń kà á lọ kí ó má bàa jí ìyá rẹ̀. N kò bínú. Ó wá. Ẹni tó sun oorun sóko àárò kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Sátidé tó kan Dàpọ̀, ohùn ló fi ránṣẹ́ lórí wọ́sáàpù. Ọkọ̀ òkun kan ti dé, àwọn oníkọ̀ntéńà ń dúró. Ọmọ ti wọ aṣọ tó dára, ó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀. Nígbà tó tún kàn án, ó rán ọlọ́kadà sí wa pẹ̀lú fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan nínú páálí. Ó ní fóònù náà máa ń ka ìwé sókè fún ọmọ, pé kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín. Ẹ ò rí nǹkan! Mo wé e sínú ìró mi àtijọ́ kan, mo dá a padà fún ọlọ́kadà. Mo ní kó lọ sọ fún un pé n kò bí fóònù.

Ọmọ náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí Dádì ò fẹ́ wá. Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fún un, ni mo bá sọ ìtàn afẹ́fẹ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ó gba fóònù mi, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀: "Dádì, Màmá Ajégúnlẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ló kọ́ yín níwèé. Ṣé kí èmi náà máa dúró de afẹ́fẹ́ ni?"

Ní Sátidé kẹta tó kàn án, kí n tó da ẹ̀wà sínú àtẹ, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi dáadáa. Ó jókòó. Bẹ́ńṣì yẹn ti kéré fún un, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo na àtẹ ẹ̀wà sí i. Ó wo ojú mi, ó gbé fóònù náà lé orí ẹ̀wà.

Ó di ojú, ó gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ lé ìwé. Morẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń fà bí adìyẹ tó ń rìn nínú ẹrẹ̀: ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ó dé ibi ọ̀rọ̀ kan, ó há. Dàpọ̀ ya ẹnu láti sọ ọ́ fún un. Mo gbá a lórúnkún.

"Dákẹ́."

A dúró. Fóònù ń gbọ̀n nínú àtẹ, ẹ̀wà ń ta gìrìgìrì yí i ká. Ó dún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Dàpọ̀ lọ síbẹ̀, ó padà. Ọmọ ń jẹ ètè rẹ̀. Mo rí i tí òógùn yọ lórí imú bàbá rẹ̀, bí ó ṣe máa ń yọ nígbà tó wà lọ́mọdé níwájú Màmá Ebiere. Nígbà tó yá, ọmọ náà sọ ọ́. Ó tún un sọ, ó yára. Ó ka ìlà náà dópin.

N kò ní sọ fún yín pé ó ti mọ̀ ọ́n kà tán. Kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìdánwò ń bọ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò gbà á. Inú ń bí mi pé ọdún mẹ́wàá ti lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí ìgbálẹ̀ lè ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí èyí tí ẹ bi mí. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ ka ìlà yẹn tán, ó wọ yàrá mi lọ, ó gbé ìwé orin mi jáde. Ó di ojú, ó ṣí i, ó gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ lé e.

"Màmá Ajégúnlẹ̀, ẹ ní àárò ni. Ó kàn yín."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń gbé ìwé orin yẹn dání ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ gbogbo orin inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wo ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Mo rí orúkọ Jésù níbẹ̀, ìyẹn ni mo dá mọ̀, ni mo bá ya ẹnu láti dá orin.

"Rárá, mà. Ẹ kà á. Ẹ má kọ ọ́ lórin."

Dàpọ̀ dorí kodò, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀ tìtì. Mo dìde wuyẹ́. Mo ní ẹ̀wà mi ń jóná lórí iná. Ẹ̀wà wà nínú àtẹ níwájú wa, a kò tíì ṣà á tán, fóònù Dàpọ̀ ṣì wà láàárín rẹ̀.

Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó pa ìwé náà dé, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì padà jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó ń dúró dè mí.